Bí wọ́n ṣe ń tètè rí àìsàn ìfun lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù lè máa ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wàrà tí wọ́n ń fún un gba inú rọ́bà tín-ín-rín máa dà nínú rẹ̀, kó sì wá yí padà láàárín wákàtí mélòó kan. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù nígbà náà ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní NEC. Ògiri ìfun á wú, kòkòrò á ráyè wọ inú rẹ̀, apá kan lè kú, kó sì lu. Àwọn tí kò tó kílò 1.5 nígbà tí wọ́n bí wọn ló máa ń mú jù.

Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í hàn gbangba. Kí nọ́ọ̀sì tó tún fún ọmọ lóúnjẹ, ó lè rí i pé wàrà tó fún un kẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí kí ohun tó fà jáde láwọ̀ ewé, èyí tí òróòro ń fà. Ikùn á wú, á máa dán. Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìgbẹ́. Nígbà mìíràn, kì í tiẹ̀ ṣe inú ló kọ́kọ́ hàn: èémí á dáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ọkàn á rọra máa lù, ọmọ á rọ̀ jọwọrọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọmọ yẹn fúnra rẹ̀, bó ṣe wà lánàá, ni wọ́n fi ń wọn tòní. Ìyá tó ń gbé e sáyà lójoojúmọ́ sábà máa ń mọ̀. Bó bá ní, “Ọmọ mi ò ṣe bó ṣe máa ń ṣe,” kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá fura, wọ́n á ya X-ray ikùn. Afẹ́fẹ́ tó wà níbi tí kò yẹ ni wọ́n ń wá. Bó bá wà nínú ògiri ìfun, ó máa ń rí wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ bí ọṣẹ tó hó. Bó bá ti tú jáde sínú ikùn, ìfun ti lu nìyẹn. Wọ́n lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì ọmọ lélẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà lè gòkè sórí ẹ̀dọ̀, níbi tó ti máa hàn kedere. Àwòrán kan tí kò fi àìsàn hàn kò tíì parí ọ̀rọ̀. Wọ́n lè tún yà á lẹ́yìn wákàtí 6 sí 8.

Wọn kì í dúró de ẹ̀rí tó dájú kí wọ́n tó dá oúnjẹ dúró. Rọ́bà á máa fa ohun inú ikùn jáde, dírípù á máa bọ́ ọmọ, wọ́n á fún un lóògùn apakòkòrò, wọ́n á sì pe dókítà oníṣẹ́ abẹ. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Wàrà ìyá ló dára jù, torí NEC kì í sábà mú ọmọ tó ń mu ún tó bó ṣe ń mú ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo.