Àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́ka nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara ènìyàn

Àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́ka nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara ni àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ń sọ ibi gan-an tí nǹkan wà lára ènìyàn. Ìdúró kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rọ̀ mọ́: ẹni náà nàró, ojú rẹ̀ kọ síwájú, apá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ síwájú. Bí aláìsàn bá tilẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó nàró báyìí ni a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀tún àti òsì jẹ́ ti ẹni tó ni ara, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyí tí apá ọ̀tún aláìsàn fi ń bọ́ sí ọwọ́ òsì dókítà tó dojú kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí nínú àwòrán X-ray àyà. Àṣìṣe níbí léwu gidigidi, nítorí kíndìnrín méjì ni ènìyàn sábà máa ń ní, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni àrùn mú.

Nínú ìdúró yẹn, ti àtẹ́lẹwọ́ ló gba àlàyé jù. Egungun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọ síwájú, wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ìhà àtàǹpàkò á sì wà lóde. Bí a bá yí àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn, egungun ìhà àtàǹpàkò yìí á dábùú èkejì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kejì di apá náà mú díẹ̀ sókè ọrùn ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń yí. Àtàǹpàkò tó wà lóde á ti kọjú sí itan, ọ̀rọ̀ náà “ìhà òde” kò sì ní í dúró lójú kan mọ́ bí a kò bá ti fẹnu kò lórí ìdúró kan.

Ní apá àti ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti so mọ́ ara ni a fi ń wọn jíjìnnà: ìgúnpá sún mọ́ ọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ní ti jíjìn sínú, awọ ló wà lókè, egungun sì jìn ju iṣan lọ. Orúkọ Látìn ni ìmọ̀ yìí ń lò káàkiri ayé. Ní ọdún 1895, ní ìlú Basel, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ilẹ̀ Jámánì fọwọ́ sí àkójọ kan tó dín orúkọ tó pọ̀ jù kù, òmíràn sì jáde ní 1998, èyí tí a tún ṣe ní 2019.

“Inú ń run mí” kò tíì tó fún dókítà. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn ní ìdodo ni a fi ń pín ikùn sí mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀ wà ní òkè lápá ọ̀tún jù, ọlọ inú wà ní òkè lápá òsì, ẹ̀yà kékeré bí ìka tó rọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá (appendix) sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí èyí bá wú, ìrora sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún.