Readymoney: Orúkọ Ìdílé Kì Í Ṣe Ìwé Ogún

Lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London ti ya fọ́tò ẹ̀rọ omi mímu olókùúta kan nínú ọgbà Regent's Park, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan náà: ẹni tí wọ́n ń pè ní Readymoney yìí, ṣé ọmọ ilẹ̀ wa kọ́? Ọ̀kan nínú wọn ti pinnu kí ó tó kọ̀wé sí mi pé gbajúmọ̀ Èkó kan ni ọkùnrin náà ní láti jẹ́, nítorí ó ní kò sí ẹlòmíràn tó lè máa jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Títọpinpin ìtàn ìdílé nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò tí ì rí ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tó ẹni tó fi etí lásán gbọ́ orúkọ, tó sì fi etí náà dá ẹjọ́.

Ọmọ India ni ọkùnrin náà. Cowasji Jehangir Readymoney, oníṣòwò ará Bombay, ìlú tí à ń pè ní Mumbai lónìí, ni wọ́n bí ní 1812, ó sì kú ní 1878. Òun ló fi ẹ̀rọ omi náà ta àwọn ará England lọ́rẹ ní 1869, wọ́n sì kọ ọ́ sára òkúta pé ìdúpẹ́ ni, nítorí ààbò tí òun àti àwọn Parsi ẹgbẹ́ rẹ̀ rí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí olúkúlùkù yín bá rò nípa irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sí ikùn. Orúkọ ni mo bá wá.

N kò ní jókòó máa ṣàlàyé ẹni tí àwọn Parsi jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọmọlẹ́yìn wòlíì Zoroaster ni wọ́n, pé Persia, tí à ń pè ní Iran lónìí, ni wọ́n ti wá, pé Sanjan ní Gujarat, ní India, ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ sẹ́yìn, àti pé iná mímọ́ wọn tó lọ́lá jù wà ní Udvada láti 1742, kí ó kọ́kọ́ lọ mọ ìyẹn ná. Ohun tó kàn wá ni pé, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìdílé kan ṣí kúrò ní Navsari, ìlú àwọn àlùfáà Parsi, lọ sí Bombay láti ṣòwò. Ọ̀kan nínú wọn, Hirji Jivanji, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí China ní 1756, òun sì ni wọ́n máa ń kà sí Parsi àkọ́kọ́ tó bá China ṣòwò. Ọ́píọ́mù, oògùn olóró kan, wà lára ohun tí wọ́n ń tà nínú òwò China náà, owó rẹpẹtẹ ló sì wà níbẹ̀. Ìdílé yìí di ẹni tí owó kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó kì í gbọ́ pé kí ó padà wá lọ́la. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá wọn rà tó ń bá wọn tà fún wọn ní àlàjẹ́ ní èdè tiwọn, Readymoney, ìyẹn owó tó wà nílẹ̀, àlàjẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn títí tó fi di orúkọ ìdílé.

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ẹ̀yìn ni, ǹ bá dúró níbí. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà kò jìnnà sí ibi tí a dé yìí, bí mo tilẹ̀ ti sọ ọ́ di orin tó ń sú àwọn oníbàárà mi: ẹ má wo orúkọ ìkẹyìn, orúkọ àárín ni kí ẹ wò. Nínú orúkọ Parsi, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ló ń ṣáájú, orúkọ tí wọ́n sọ bàbá rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ ìdílé, bí ó bá wà rárá. Cowasji Jehangir Readymoney túmọ̀ sí Cowasji, ọmọ Jehangir, láti ilé àwọn tí à ń pè ní Readymoney. Orúkọ méjì àkọ́kọ́ ni okùn tí a fi ń dè é mọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn lè wà lónìí kí ó má sì sí lọ́la, nítorí púpọ̀ nínú àwọn Parsi kò ní orúkọ ìdílé tó dúró sójú kan kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn akọ̀wé rẹ̀ tó máa béèrè fún un. Nígbà tí wọ́n sì béèrè, olúkúlùkù mú èyí tó bá wà nítòsí. Àwọn kan mú orúkọ ìlú: láti inú Bulsar, tó ti di Valsad, ni Bulsara ti jáde, orúkọ ìdílé tí Freddie Mercury, olórin nì, ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bí i sí Zanzibar ní 1946. Àwọn kan mú iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì fi "wala" parí rẹ̀, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ tí "oní" ń ṣe fún àwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí ọ̀rọ̀ ni tiwọn ń bọ́ sí: Daruwala ni ọlọ́tí, Batliwala ni onígò. Àwọn kan tilẹ̀ kó orúkọ iṣẹ́ òyìnbó bí wọ́n ṣe bá a, ìdí nìyẹn tí Farokh Engineer àti Nari Contractor fi gbá kírikẹ́ẹ̀tì fún India láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò pé yíya àwòrán ilé ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí n kò mọ bí ènìyàn ṣe lè lóye ọ̀rọ̀ yìí láìrí i lára ẹnì kan. Dadabhai Naoroji, Parsi tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin ní London ní 1892 láti ẹkùn ìdìbò Finsbury Central, kò jẹ́ Naoroji ní orúkọ ìdílé rárá. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Naoroji. Dordi ni orúkọ ìdílé wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni okùn tí a lọ́. Ẹni tó bá ń wá "ìdílé Naoroji" kiri nínú ìwé ìran ṣáájú bàbá yẹn, òfìfo ló ń wá, síbẹ̀ mo ti rí àwọn tó ń gba owó lórí irú ìwákiri bẹ́ẹ̀.

Oyè ló tún wá lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Nígbà tí ọba England fi Jamsetjee Jejeebhoy, oníṣòwò Parsi ará Bombay tí òwò ìgò sọ di Batliwala, jẹ oyè baronet, oyè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá, ní 1857, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1860 pàṣẹ pé àrólé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa jẹ́ Jamsetjee Jejeebhoy. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ilé Readymoney nígbà tí àrólé Cowasji gba oyè baronet ní 1908: Cowasji Jehangir ni òfin ní kí ẹni tó bá jókòó sórí oyè máa jẹ́. Fojú inú wò ó, kí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa jẹ́ orúkọ kan náà tẹ̀ léra wọn, kì í ṣe torí ìfẹ́, bí kò ṣe torí òfin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ka ìwé ọmọ pọ̀ mọ́ ìwé bàbá nígbà àkọ́kọ́ tí mo pàdé irú èyí, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Àbájáde rẹ̀ fún orúkọ wa ni pé Jehangir gba ipò, Readymoney sì rọra yọ́ kúrò lára àwọn olóyè. Ilé àwòrán tí ìdílé náà dá sílẹ̀ ní Mumbai ní 1952, Jehangir ni wọ́n ń pè é.

Nípa iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà, àwọn èèyàn máa ń mú àtẹ kan wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó sọ pé báyìí-báyìí ni wọ́n wà ní India, báyìí-báyìí ní Amẹ́ríkà. Ìkànìyàn India kì í tẹ iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan jáde, nítorí náà àbá lásán ni àtẹ yẹn. Ẹ̀sìn ni ìkànìyàn ń kà, ohun tó sì kà nípa àwọn Parsi tó láti ṣàlàyé ìdí tí orúkọ wọn fi ṣọ̀wọ́n: wọ́n jẹ́ 111,791 ní 1951, wọ́n jẹ́ 69,601 ní 2001, nígbà tó sì di 2011 wọ́n ti di 57,264, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ti ju bílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè gbéyàwó, àwọn kan kì í gbé e rárá, ọmọ tí wọ́n ń bí kéré, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ń ṣí lọ sí òkè òkun. Láti 2013 ni ìjọba India ti gbé ètò Jiyo Parsi kalẹ̀, tó ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ. Ẹ fi kún un pé, láti ìgbà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Bombay kan ní 1908, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Parsi tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àlejò ni wọ́n lè gbà wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ nìkan jẹ́ Parsi, wọn kò kà á mọ́ ara wọn. Orúkọ tí ìdílé díẹ̀ ń jẹ́, láàárín ẹ̀yà tó ń dínkù, tí ọkùnrin nìkan sì lè gbé e kọjá, bí ọmọkùnrin mẹ́ta bá kú láìgbéyàwó, ó lè parí síbẹ̀.

Gbogbo èyí ni àwọn ayédèrú oníṣẹ́ kò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Oníbàárà mi kan, tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ilé Readymoney wá, ti ra ìwé aláwọ̀ mèremère kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, pẹ̀lú àwòrán apata àti kìnnìún, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Cornwall ni orúkọ náà ti ṣẹ̀, nítorí pé etíkun kékeré kan wà ní ìlú Fowey tó ń jẹ́ Readymoney. Òótọ́ ni pé etíkun náà wà níbẹ̀. Kò sì fi ibì kankan bá Hirji Jivanji tan! Wọ́n tún wà, àwọn tó ń fi òǹkà lẹ́tà orúkọ woṣẹ́, tí wọ́n ń sọ fún èèyàn pé kí ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ rẹ̀ kí ire lè wọlé. N kò mọ iye ìwé ìrìnnà tí kò bá ìwé ìbí mu mọ́ nítorí ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àwa ni wọ́n sì ń pè láti wá tú u.

Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ń jẹ owó kékeré ni. Èyí tó dùn mí jù kan bàbá àgbà kan, Parsi, tí ìdílé rẹ̀ gba Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé England. Orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ọwọ́, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó gba lẹ́tà lórí íméèlì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní agbẹjọ́rò ní Èkó, pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà ti kú láìní àrólé, tí owó ńlá rẹ̀ sì wà ní báǹkì, àti pé nítorí bí orúkọ náà ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Orúkọ agbẹjọ́rò náà, Yorùbá ni. Bàbá náà ń wò mí bí ẹni pé mo lè mọ̀ ọ́n, ojú tì mí, mo sì bínú. Ó ti san owó ìwé ẹlẹ́ẹ̀kíní.

Mo ṣàlàyé fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín, pé bí orúkọ iṣẹ́ bá ṣọ̀wọ́n, kò sọ àwọn tó ń jẹ́ ẹ di ìbátan, nítorí onígò méjì tí kò mọ ara wọn rí lè di Batliwala ní ìlú méjì lọ́jọ́ kan náà. Mo fi hàn án pé Peter ni lẹ́tà náà pe orúkọ àárín òkú, orúkọ tó yẹ kí ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, àti pé bóyá ni a fi lè rí Parsi ìran yẹn tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Peter. Mo wá ní kí ó kọ̀wé padà, kí ó béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni orúkọ bàbá òkú náà?

Èsì dé kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Agbẹjọ́rò náà ní kí bàbá yára fi orúkọ tí bàbá tirẹ̀ ń jẹ́ ránṣẹ́, kí òun lè kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí òkú kí báǹkì tó tì. Mo rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ pè mí láti béèrè bóyá èmi ni mo ní kí ó lọ san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé bàbá ti sọ fún un pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan ti yẹ orúkọ náà wò.