Bí Oṣù Mẹ́fà IT Ṣe Ń Lọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà l'Ábújá

Ní Ìlú Ọba, láti 2015 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní degree apprenticeship ti wà níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń gba ọ̀dọ́ sẹ́nu iṣẹ́ sọ́fítíwíà, tí wọ́n ń san owó oṣù fún un, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ná kọ́bọ̀ lórí owó yunifásítì títí tó fi gboyè. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó sún mọ́ ọn jù ni SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme), ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí IT. ITF (Industrial Training Fund) ló ń bójú tó o, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Ọdún 1973 ni SIWES fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ló ṣì ni akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwa, ilé-iṣẹ́ kàn ń bá wọn kọ́ ọ ni, ọ̀sẹ̀ 24 péré sì ni. Nítorí pé àkókò náà kúrú, ohun kan ṣoṣo ló máa ń pinnu bóyá akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ iṣẹ́: bóyá ẹnìkan wà tó ń ka kóòdù rẹ̀ tó sì ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ fún un.

Ibi tí wọ́n ti ń wá àyè ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lẹ́tà ni ilé-ìwé máa ń kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ láti FUT Minna, ABU Zaria, Ìlọrin tàbí yunifásítì tó wà ní Gwagwalada, òun ni yóò máa gbé kiri Wuse, Utako, Jabi àti Garki. Kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, torí ibi tó dára kì í gba ju ẹni méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Òfin ITF tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sọ pé kí agbaniṣíṣẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ fún IT, ṣùgbọ́n òfin kò lè fi dandan mú ẹnikẹ́ni kọ́ni níṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba wuni lójú, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ICT wọn, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni títún printer ṣe, fífa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti títẹ lẹ́tà. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ sọ́fítíwíà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà, kó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò máa yẹ kóòdù mi wò? Developer (ẹni tó ń kọ kóòdù) mélòó ló wà ní ọ́fíìsì? Ṣé Git lẹ ń lò? (Git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù.) Bí developer bá jẹ́ ẹnìkan péré tó sì ń jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ ṣì lè dára gan-an. Bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tó ń ti Èkó ṣiṣẹ́ tí kì í dáhùn títí di alẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibòmíràn. Kó béèrè ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fúnni ní owó ọkọ̀, òmíràn kì í fúnni ní nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ní Kubwa, Lugbe tàbí Mararaba ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wá ṣe IT ń gbé, gosiló Nyanya láàárọ̀ kò sì mọ ọmọ IT yàtọ̀ sí ọ̀gá. Owó ọkọ̀ oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tí à ń fojú di.

Ìwé kò le. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yóò padà sí ẹ̀ka SIWES ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba logbook (ìwé tí yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí), yóò sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ìjọba. Owó yẹn kéré, ó sì máa ń pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣètò oúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì máa ń lọ sórí mímú kí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́. Kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni bó bá gba ọjọ́ mẹ́ta. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: Node tàbí PHP (irinṣẹ́ tó ń mú kóòdù ṣiṣẹ́) tó wà lórí ẹ̀rọ kì í ṣe irú èyí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, database (ibi tí dátà ń gbé) ṣófo, tàbí kò sí fáìlì .env (èyí tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ń gbé inú rẹ̀) níbẹ̀, torí a kì í fi .env sí Git. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbìyànjú fún bí wákàtí kan. Bí kò bá yọ, kó béèrè, kó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ohun tó ti ṣe, àti gbólóhùn àṣìṣe náà gan-an. Kó da ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà kọ sínú ìbéèrè, kó má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, torí ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ kò lè wá ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kiri.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kékeré kan, yóò ṣí branch tuntun (ẹ̀dà kóòdù tó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà), yóò kọ kóòdù, yóò dán an wò, yóò tì í sókè, yóò sì ṣí pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n sì gbà á wọlé). Ọ̀gá yóò kà á, yóò kọ àríwísí sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún un ṣe, ìgbà yẹn ni wọn yóò tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ilé. Kí pull request kéré. Bó bá ti ń kọjá bí ìlà 200, ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó, ẹ̀kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí gbà níbẹ̀ á sì bá a lọ.

Ibi yìí ni ìwà wa máa ń di ọmọ IT lọ́wọ́. A kọ́ wa láti má ṣe bá àgbà jiyàn, nítorí náà ọ̀gá á kọ àríwísí, ọmọ á dáhùn pé "Ẹ ṣé, sà," á yí i padà láìmọ ìdí. Kò burú láti sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló dé tí ti tẹ́lẹ̀ kò fi dára?" Ọ̀wọ̀ wà nínú ìbéèrè yẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo kóòdù ìsanwó, torí ó kan ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wẹ́ẹ̀sáìtì gba owó, kì í gba iye owó ní náírà, kọ́bọ̀ ló ń gbà. Bí fọ́ọ̀mù bá jẹ́ ₦25,000, 2500000 ni kóòdù gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹni tó fi 25000 ránṣẹ́ ti gba ₦250 lọ́wọ́ oníbàárà. Ojú-ewé ìsanwó á kọ ₦250 síta gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú kò ní wò ó, torí "success" náà á jáde. Àṣìṣe kejì jinlẹ̀ jù ú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá padà sórí wẹ́ẹ̀sáìtì ni wọ́n máa ka owó rẹ̀ sí èyí tó wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó ńkọ́? Owó ti lọ, fọ́ọ̀mù kò sí. Webhook, ìròyìn àdáṣe, ni Paystack fi ń sọ fún server (kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́ẹ̀sáìtì dúró) tààrà pé owó ti wọlé. Kóòdù gbọ́dọ̀ fi x-paystack-signature (àmì ìfọwọ́sí tó bá ìròyìn náà wá) yẹ̀ ẹ́ wò pé Paystack ló rán an lóòótọ́, kó rí i pé iye tó wọlé bá iye ọjà mu, kó sì wo nọ́ńbà reference (èyí tó ń fi ìsanwó kọ̀ọ̀kan hàn), torí ìròyìn kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí kóòdù kò bá wò ó, ẹnìkan á gba ọjà méjì lórí owó ẹyọ kan.

Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí kóòdù fi ń bá Paystack sọ̀rọ̀ ńkọ́? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_test_ wà fún ìdánwò, sk_live_ sì ń bá owó gidi ṣiṣẹ́. Bí sk_live_ bá bọ́ sórí GitHub (ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí ayélujára), pípa ìlà yẹn rẹ́ nínú commit (àyípadà tí a fi pamọ́ sínú Git) tó tẹ̀ lé e kò ran nǹkan kan, torí gbogbo ohun àtẹ̀yìnwá ni Git ń pa mọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, kí wọ́n tó wá máa tún ibi ìpamọ́ kóòdù ṣe. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ń fi owó ilé-iṣẹ́ wewu.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn lọ tún fáìlì migration (ìlànà tó ń yí ètò inú database padà) àtijọ́ kọ. Database àwọn tó kù ti lo fáìlì yẹn tẹ́lẹ̀, kò ní lò ó mọ́, tiwọn á sì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Migration tuntun ni kó kọ.

Logbook ni ibi tí oṣù mẹ́fà ti máa ń jóná fún ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa pàápàá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a sì máa fọwọ́ sí i, a máa lù ú ní òǹtẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kọ gbogbo ọ̀sẹ̀ 24 pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, bíró kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, supervisor (olùkọ́ tó ń bójú tó IT rẹ̀) á mọ̀ kó tó ṣí ojú-ewé kẹta. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú Git. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, git log --since="1 week ago" á to gbogbo commit ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ logbook, àmọ́ "Mo ṣiṣẹ́ lórí wẹ́ẹ̀sáìtì" kò sọ nǹkan kan ní èdè èyíkéyìí. Èyí tó dára á rí báyìí: "Mo tún ibi tó ń fi iye owó ránṣẹ́ sí Paystack ṣe, láti náírà sí kọ́bọ̀. Mo kọ test mẹ́ta sí i. Wọ́n ní kí n má fi nọ́ńbà 100 sínú kóòdù lásán, kí n fún un lórúkọ." Ẹni tó bá kọ commit rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ti kọ logbook tán.

Supervisor láti ilé-ìwé lè wá láìsọ tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ITF náà lè yà wá. Kí logbook wà nínú báàgì lójoojúmọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ṣí iṣẹ́ rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, kó ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ìjábọ̀ ìparí, kó yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì àwọn oníbàárà kúrò nínú gbogbo àwòrán ojú ìwé tó bá lò. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kàn án bó ṣe kan ọ̀gá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Form 8, fọ́ọ̀mù ìparí SIWES, ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ apá tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò kọ tiwọn, yóò sì lọ sí ọ́fíìsì ITF tó wà lágbègbè náà fún ìfọwọ́sí. Kó gba ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn tó pé, torí ọ̀gá tó rin ìrìn àjò lè dá fọ́ọ̀mù dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.