Nọ́ńbà tí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ń fún ìdájọ́

Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Bìrìtéènì dájọ́ pé ìmọ̀ràn tí Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, fún Ọbabìnrin, pé kí wọ́n ti ilé aṣòfin fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò bófin mu. Ìdájọ́ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tó ti ní àmì tirẹ̀: [2019] UKSC 41. Ọdún ló ṣáájú, UKSC dúró fún ilé-ẹjọ́ náà, 41 sì ni ipò rẹ̀ nínú àwọn ìdájọ́ ọdún yẹn.

Nígbà tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sínú Appeal Cases (AC), ìwé tí àwọn atẹ̀wé ń kó ìdájọ́ jọ sí, ó di [2020] AC 373, nítorí ojú ìwé 373 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà, ojú ìwé 373 kò lè ṣe é láǹfààní kankan. Àwọn lọ́yà Nàìjíríà mọ irú èyí dáadáa: NWLR àti LPELR, tí wọ́n ń kó ìdájọ́ jọ sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé aládàáni ni nọ́ńbà wọn ti ń wá.

Ìpínrọ̀ ni ẹ̀mí ètò nọ́ńbà ilé-ẹjọ́ yìí. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ 50 ni ilé-ẹjọ́ ti sọ ibi tí agbára láti ti ilé aṣòfin mọ, lọ́yà á sì kọ ọ́ báyìí: [2019] UKSC 41, [50]. Ìbáà jẹ́ orí fóònù lo ti kà á, ìbáà jẹ́ lórí bébà, ibẹ̀ náà ni wàá bá a.

Oṣù Kíní ọdún 2001 ni Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti England àti Wales bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, pẹ̀lú ẹ̀ka kan ní High Court; àwọn ẹ̀ka High Court yòókù ní London sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2002.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ West, tó ń tẹ ìwé ìdájọ́, ní àwọn tó ni Lexis, níbi tí lọ́yà ti ń wá ìdájọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kò gbọdọ̀ lo nọ́ńbà ojú ìwé òun. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan gbè é lẹ́yìn lọ́dún 1986. Ọdún 1998 ni irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní New York tó sọ pé lílo nọ́ńbà ojú ìwé West kò tàpá sí ẹ̀tọ́ oníwèé. Ìpínlẹ̀ North Dakota ò dúró dè wọ́n. Láti 1997 ló ti ń fi nọ́ńbà sí ìdájọ́ àti ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ adájọ́ jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò yẹ kí oníṣòwò kan ṣoṣo ni ọ̀nà tí a fi ń tọ́ka sí i.

Ìwé àwọn atẹ̀wé ò tíì kúrò nílẹ̀ o. Ní England, bí ìdájọ́ bá ti wọ Appeal Cases, ẹ̀dà ibẹ̀ ni lọ́yà gbọ́dọ̀ mú wá síwájú adájọ́. Àmọ́ tó bá ń kọ àwọn àmì méjèèjì sílẹ̀, ti ilé-ẹjọ́ ló ń kọ́kọ́ kọ.