Ìdárò ìyá àgbà ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́

Ìdárò ìyá àgbà ni àkójọ ìṣe, orin àti ewì alohùn tí àwọn ará ìlú Yorùbá fi máa ń sin obìnrin tí ó dàgbà, tí ó sì fi ọmọ sáyé lọ. Ní ìlú kékeré, níbi tí agbo ilé kò ti pọ̀, tí àna sì ti so ilé kan mọ́ èkejì, ikú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí kan ṣoṣo. Ilé bàbá rẹ̀, ilé ọkọ rẹ̀, àwọn ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkọ sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà àti àwọn tí wọ́n jọ ń bọ òrìṣà kan náà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ni àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ dá lé jù, nítorí pé àkọsílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lórí ewì àwọn obìnrin. Ìṣe àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ àti òkú àgbà

Yorùbá pààlà sáàárín ikú ọ̀dọ́ àti ikú àgbà. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sin ín láìlùlù, láìsàsè, àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í fẹ́ mọ ojú oórì rẹ̀. Ti àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Òwe tí ó sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, fi hàn pé ìsìnkú ìyá ni ẹ̀rí tí ó kẹ́yìn pé ó bímọ ní tòótọ́, ìdí nìyí tí ẹkún àti ijó fi máa ń wà lójúde kan náà. Ẹnu kì í tètè sọ pé ìyá kú. Wọn a ní ìyá sùn, tàbí pé ó papò dà. Ẹni tí ó wá kí àwọn ọmọ a sì wí pé, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.”

Obìnrin tí kò bí ọmọ nínú ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sẹ́yìn pátápátá, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó tọ́ ọmọ orogún dàgbà, tàbí agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àdúgbò. Ó jọ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa ń rí ọmọ púpọ̀ tí yóò du ipò ọmọ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀.

Ìtọ́jú òkú

Àwọn àgbà obìnrin ilé ni wọ́n máa ń wẹ òkú obìnrin. Wọn a di irun rẹ̀, ní ibòmíràn wọn a fi osùn kùn ún, wọn a sì tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí aṣọ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá lè wà lára rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ẹtù, sányán àti àlàárì ni aṣọ tí ó gbayì jù. Inú ilé tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ sàréè, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Bí òkú bá jẹ́ olórìṣà, bí ìyá Ọ̀ṣun tàbí ìyá Ṣàngó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ ṣe ètùtù tiwọn kí wọ́n tó yọ̀ǹda òkú fún ẹbí.

Ẹkún àti oríkì

Ohun tí ó ya ìdárò ìyá àgbà sọ́tọ̀ ni pé obìnrin ló ń darí ohùn rẹ̀. Ọdẹ ní ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sun níbi ìṣípà, ètùtù ìdágbére fún ọdẹ tí ó kú; eléégún ní iwì. Ìyá tí kì í ṣe ọdẹ, tí kì í sì í ṣe ọ̀jẹ̀ eléégún, ẹnu àwọn obìnrin ilé ló kù sí, ẹnu náà kò sì kéré.

Ọ̀nà méjì ni àwọn obìnrin wọ̀nyí pín sí. Àwọn ọmọ òkú àti àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé ni ẹkún wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n máa ń ki oríkì jù. Ìyàwó tí ó bá wọ ilé ọkọ ní láti kọ́ oríkì ilé náà, nítorí òun ni yóò fi máa kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, òun ni yóò fi máa rẹ ọmọ tí ó pọ̀n, òun náà ni yóò fi sìnkú. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyálé ilé ni ó ti ń kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí òkú tí ó wà lórí ẹní jẹ́ olùkọ́ àwọn tí ń kì í.

Ẹni tí ń ki oríkì náà, ìyẹn akígbe, a kúnlẹ̀ tàbí kí ó dúró lẹ́bàá ẹní. Oríkì àbísọ ìyá ni yóò kọ́kọ́ pè, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ tàbí Àmọ̀kẹ́, léraléra, bí ẹni tí ń jí ẹni tí oorun gbé lọ. Bí ó bá ti pè é tí kò dáhùn, a bọ́ sórí oríkì orílẹ̀, ìyẹn oríkì ìran, èyí kì í sì í ṣe ti ilé ọkọ: ti bàbá tí ó bí ìyá ni. Obìnrin tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbogbo nílé ọkọ, tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní ìyá, a tún padà di ọmọ Iyèrú Ọ̀kín lọ́jọ́ náà bí ó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, tàbí ọmọ Ẹ̀ṣọ́ bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìkòyí. Oríkì Ìkòyí kún fún ogun. Ó ń ròyìn àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, tí ó jẹ́ pé iwájú ni ọgbẹ́ wọn máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó ta iyọ̀ tàbí tí ó rẹ aró títí ó fi darúgbó ṣe máa ń gba gbogbo ìyìn jagunjagun yìí bí ohun ìní tirẹ̀. Kò sí ẹni tí èyí yà lẹ́nu nínú àwọn tí ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn orílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nípa ìyá fúnra rẹ̀ máa ń wọlé: bí ó ti ń tajà, ẹni tí ó gbà là lọ́wọ́ gbèsè, ìwà rẹ̀, àwàdà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdágbére a tẹ̀ lé e. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìkìlọ̀ pé bí ó bá dé ọ̀run, kí ó má jẹ ọ̀kùn, kí ó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ó bá wọn jẹ, àti gbólóhùn pé ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Níhìn-ín ni ohùn máa ń yí padà jù lọ. Akígbe a fa sílébù gùn títí yóò fi dà bí igbe, èyí ló sì fà á tí ó fi ṣòro láti sọ ibi tí ewì parí sí tí ẹkún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ewì alohùn kà á mọ́ rárà; ní Èkìtì, alámọ̀ tí ó jẹ́ ewì obìnrin ló jọ ọ́ jù.

Karin Barber, onímọ̀ kan tí ó ṣe ìwádìí lórí oríkì ní Òkukù, ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun, láàárín àwọn ọdún 1970, ṣàkíyèsí pé oríkì kò ní ètò kan pàtó tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ń ki a mú ìlà láti ibi tí ó bá wù ú, ó sì lè fi òkú sílẹ̀ lójijì kí ó kọjú sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ọmọ òkú tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, òun ni wọn yóò kì, pẹ̀lú oríkì ìyá rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní gbé e mọ́, tí àwọn obìnrin a dì í mú lápá. Owó ni a máa ń fún akígbe lẹ́yìn èyí, láyé owó ẹyọ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àna àti ìnáwó

Ọkọ ọmọ òkú ní ojúṣe tí ó hàn sí gbogbo ìlú. A máa kó àwọn ènìyàn rẹ̀ àti onílù wá, pẹ̀lú ẹran, ọtí àti oúnjẹ, àna méjì sì lè máa bára wọn díje lójú agbo. Dùndún àti bẹ̀m̀bẹ́ ni ìlù tí ó wọ́pọ̀. Ìnáwó yìí máa ń kó ọmọ sí gbèsè, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ sì ti fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí rẹ̀.

Àkó ní Ọ̀wọ̀

Láyé àtijọ́, Ọ̀wọ̀ ní ìṣe kan tí ó yàtọ̀, tí wọ́n ń pè ní àkó. Fún òkú ẹni ńlá, ọkùnrin tàbí obìnrin, a máa gbẹ́ ère tí ó tó ènìyàn ní ìdúró, tí ojú rẹ̀ jọ ti òkú, wọn a wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọn a gbé e yí ìlú ká, kí wọ́n tó wá sin ín. Ìyá ọba àti ìyá ìjòyè wà lára àwọn tí a ti ṣe é fún. Frank Willett, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà àtijọ́, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1966, nígbà tí ó ń fi àwọn ère wọ̀nyí wé àwọn orí bàbà Ifẹ̀.

Ogún àti orúkọ

Dúkìá ìyá kì í lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin tí a bá bí sínú ẹbí lẹ́yìn ikú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Yétúndé, Ìyábọ̀ tàbí Yéwándé, wọn a sì máa wá àmì ìyá lára rẹ̀.

Ìyípadà

Ẹ̀sìn Ìmàle, tí ó ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́, àti ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́, tí àwọn míṣọ́nnárì gbé dé Badagry ní 1842, yí ètò yìí padà. Ìsìnkú kíákíá àti fídáù rọ́pò àwọn ìṣe kan lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Pósí, ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti orin àìsùn wọlé lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́. Òfin ìjọba amúnisìn gbé sàréè kúrò nínú ilé ní àwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú kékeré àṣà náà pẹ́ kí ó tó dín kù. Oríkì ló fara dà á jù: onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń gbọ́ ọ lẹ́yìn àdúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí àwọn onílù tí a sanwó fún sì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe.