Kọ́múnístì nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun (ìtàn àfinúrò)

Kọ́múnístì nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìbéèrè inú ìtàn àfinúrò, ìyẹn ìtàn tó ń wádìí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Ǹjẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt lè fi ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ́múnístì ṣe alákòóso nínú ìjọba rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì? Kò fi ọ̀kankan ṣe é. Síbẹ̀, ìbéèrè náà nídìí, nítorí pé láti 1941 ni Amẹ́ríkà àti Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì ti jọ ń bá Jámánì jà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ máa ń kàn ni Earl Browder, ọmọ bíbí Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà ní àwọn ọdún 1930 títí di 1945. Ó du ipò Ààrẹ ní 1936, ó sì rí nǹkan bí ìbò 80,000. Nígbà tí Jámánì àti Sófíẹ́tì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní bá ara wọn jà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1939, ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ohùn padà, ó ní kí Amẹ́ríkà má dá sí ogun náà. Ní 1941 Browder wọ ẹ̀wọ̀n ní Atlanta lórí ẹ̀sùn jìbìtì ìwé ìrìnnà. Ọdún náà ni Jámánì kọlu Sófíẹ́tì, ni ẹgbẹ́ bá tún di alátìlẹ́yìn ogun. Roosevelt dá a sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942. Ní 1944, Browder tú ẹgbẹ́ òṣèlú náà ká, ó sọ ọ́ di àjọ lásán. Nínú gbogbo ohun tí kọ́múnístì Amẹ́ríkà ṣe, èyí ló sún mọ́ ọ̀nà ilé ìjọba jù lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà dí. Òfin Hatch ti 1939 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ bi ìjọba ṣubú. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ló sì ń fọwọ́ sí yíyan àwọn alákòóso. Nígbà tí Roosevelt wá ìṣọ̀kan ní 1940, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, Republican, méjì ló mú wọlé, Henry Stimson àti Frank Knox. Nígbà ìpolongo ìbò 1944, ó sọ ní gbangba pé òun kò wá àtìlẹ́yìn kọ́múnístì, òun kò sì tẹ́wọ́ gbà á. Ipò tí ọwọ́ wọ́n tẹ̀ kò ju ti ìlú lọ: Peter Cacchione wọ ìgbìmọ̀ ìlú New York ní 1941, Benjamin Davis, ọmọ Adúláwọ̀ láti Harlem, sì wọ ibẹ̀ ní 1943.

Ní Yúróòpù, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1944, Palmiro Togliatti, olórí àwọn kọ́múnístì Ítálì, wọ ìjọba Badoglio, olórí ìjọba ilẹ̀ náà. Oṣù náà ni de Gaulle, aṣáájú àwọn ará Faransé tó ń bá Jámánì jà, gba kọ́múnístì méjì, Fernand Grenier àti François Billoux, sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Algiers. Àwọn kọ́múnístì ilẹ̀ méjèèjì ní jagunjagun abẹ́lẹ̀ àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Browder kò ní ìbọn, kò sì ní ìbò tó pọ̀.

Ọ̀nà tó jọ òótọ́ jù gba ọ̀dọ̀ Henry Wallace, igbákejì Ààrẹ, tí kì í ṣe kọ́múnístì. Ní oṣù Keje ọdún 1944, ní Chicago, àwọn Democrat, ẹgbẹ́ Roosevelt, fi Harry Truman rọ́pò rẹ̀ lórí ìwé ìbò. Ọjọ́ 82 péré ni Truman lò nípò náà kí Roosevelt tó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1945. Wọ́n ròyìn pé Wallace ní bí òun bá di Ààrẹ, Harry Dexter White lòun ìbá fi ṣe alákòóso ètò ìṣúná. White, òṣìṣẹ́ àgbà ní iléeṣẹ́ ètò ìṣúná, wà lára àwọn tó gbé àjọ owó àgbáyé kalẹ̀ ní ìpàdé Bretton Woods. Ní 1948 ó sọ níwájú àwọn aṣòfin pé òun kì í ṣe kọ́múnístì, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ìwé àṣírí Sófíẹ́tì tí wọ́n tú jáde ní 1995 mú kí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó fún Moscow ní ìròyìn. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìdí rẹ̀.

Níbí ni ìtàn àfinúrò náà ti lágbára jù. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, Henry Morgenthau, alákòóso ètò ìṣúná àti ọ̀gá White, dábàá kí Amẹ́ríkà yá Sófíẹ́tì ní bílíọ̀nù 10 dọ́là, fún ọdún 35, pẹ̀lú èlé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò yá wọn. Lábẹ́ Wallace àti White, ó ṣeé ṣe kí àbá yìí padà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣòfin ni àpò owó wà.