Bí Ìjọ ní Àkúrẹ́ Ṣe Ń Rán Míṣọ́nnárì Lọ sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé míṣọ́nnárì lórí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ máa ń rántí: àwọn akọrin ń kọrin, àlùfáà ń gbàdúrà, ìdílé tó ń lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọjọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn, ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí àwọn tó wà nílé bá káwọ́ gbera, ẹni tó wà ní pápá iṣẹ́ kò ní pẹ́ padà wálé, bó ti wù kí ìpè rẹ̀ dájú tó.

Ilẹ̀ Oǹdó ti jẹ nínú irú iṣẹ́ yìí rí. Ní 1877, ẹgbẹ́ míṣọ̀n CMS rán Charles Phillips wá sí ìlú Oǹdó. Yorùbá bíi tiwa ni, síbẹ̀ àlejò ni láàárín wọn. Ó ní láti bá ọba àti àwọn ìjòyè ṣe pọ̀, kó mọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọlé. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ní 1893, ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ìjọ ń rán lọ sí orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò lóde òní.

Ìtòsí ni wọ́n ti ń dán ènìyàn wò. Ọ̀nà kan tó dára ní ìpínlẹ̀ yìí ni kí ìjọ kọ́kọ́ rán ẹni náà lọ sí etí omi ní Ìlàjẹ, kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbòkòdà, kó sì lọ gbé oṣù díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n bí sí àárín ìgboro Àkúrẹ́ á mọ̀ níbẹ̀ bóyá òun lè gbé níbi tí omi yí èèyàn ká ṣùgbọ́n tí èyí tó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n. Bó bá ní ìyàwó, ìgbìmọ̀ tó mọṣẹ́ a máa bi ìyàwó lọ́tọ̀ bóyá òun náà fẹ́ lọ, kí ọkọ rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ìbéèrè yìí ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́: àwọn kan á lọ sí iléèwé àwọn míṣọ́nnárì ní Jos, àwọn tó ń lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé á sì tún lè gba Àjárà ní Badagry kọjá, níbi tí Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà wà.

Owó ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn ará ilé ti hàn jù. Ẹ̀jẹ́ oṣooṣù ló ń gbé míṣọ́nnárì ró. Ìyá tó ń ta ẹja ní Ọjà Ọba lè jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù, oníṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká lè jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Akápò á fa ìlà sínú ìwé ńlá kan: orúkọ lápá òsì, oṣù méjìlá lórí. Lẹ́yìn ìsìn, á gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, á máa gba owó, á máa fi bírò pupa sàmì sí oṣù tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti san. Ní January, ojú ìwé náà á pọ́n fún àmì. Tó bá fi máa di September, tí owó iléèwé àwọn ọmọ ti dé, àyè òfìfo á ti pọ̀ nínú rẹ̀. Akápò tó mọṣẹ́ kì í dúró de ìgbà yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni yóò ti máa yọ díẹ̀ pamọ́, kí oṣù tí nǹkan le má bàa bá ìdílé náà lójijì.

Náírà ni owó tó ń wọlé, sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń ná sẹ́fà yìí, Benin àti Tógò wà lára wọn. Wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kì í yí padà. Náírà ní tiẹ̀ kò ní òpó tó dì mú. Láti June 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó já wálẹ̀ débi pé nígbà tó fi di 2024, sẹ́fà tí owó kan náà ń rà ti dín kù gan-an. Ìjọ kò dín ẹ̀jẹ́ rẹ̀ kù, àwọn ọmọ ìjọ ń san án déédéé, síbẹ̀ oúnjẹ ìdílé míṣọ́nnárì dín kù. Nítorí náà, iye sẹ́fà ló yẹ kí ìjọ ṣèlérí, kí wọ́n sì máa yẹ náírà rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Pọ́ọ̀lù kò tijú láti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé wọ́n ránṣẹ́ sí àìní òun lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ló sì bá Àkúílà àti Pírísílà pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì nígbà tó nílò rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí: wọ́n ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé, wọ́n ń ránṣọ.

Ìrìn àjò náà kò le. Ọkọ̀ á gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ dé Èkó, wọ́n á wá gba Badagry dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á lọ gba ìwé ìgbélùú. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, torí ọjọ́ kẹwàá ni yẹ́lò káàdì tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016, kò tún sí pé èèyàn ń sọ ọ́ dọ̀tun, ti gbogbo ayé ẹni ni. Ní Benin, ìjọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìdí nìyí tó fi dára kí àlejò kọ́kọ́ fara mọ́ ìjọ tó ti wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá dé Bohicon, ìlú tí àwọn Fọ̀n pọ̀ sí, á bá èdè méjì: Faransé ni ti ọ́fíìsì, Fọ̀n ni ti ọjà àti ti ilé ọ̀fọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, kíkọ́ èdè ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ìjọ tó bá sì ń béèrè iye ọkàn tó ti jèrè nígbà yẹn ń kánjú. Láàárọ̀, á lọ bá olùkọ́ rẹ̀, á kọ gbólóhùn mélòó kan sílẹ̀, á sì gbé wọn lọ sọ́jà. Á dúró níwájú obìnrin tó ń ta tòmátì, á sọ èyí tó kọ́. Ohùn rẹ̀ á lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, torí Fọ̀n ní ohùn bíi Yorùbá, ohùn Yorùbá ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á pe ẹni tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Kí ó má sá o. Kí ó ní kí wọ́n tún un sọ fún òun, kí ó sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn, kí ó ra tòmátì náà, kí ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn obìnrin yìí ni yóò kọ́kọ́ wá kí i nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn.

Ìwàásù kì í gba àsìkò púpọ̀ lọ́sẹ̀. Pípọn omi, kíkí aláìsàn, sísin òkú pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, títẹ̀ lé ẹnì kan lọ sílé ìwòsàn, ìwọ̀nyí ló ń gba ọjọ́. Títí èdè yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ògbufọ̀ ni yóò máa bá a túmọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí ó fún ògbufọ̀ náà ní ìwàásù rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n jọ kà á.

Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa fi Faransé kàwé. Bí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, àwọn òbí míì á fi wọ́n ránṣẹ́ sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Àkúrẹ́ fún sẹ́kọ́ńdírì. Kí ìjọ máa yà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Lóṣooṣù, ìròyìn á wọlé lórí WhatsApp. Ẹni tó bá wà ní Tógò á rántí pé aago mẹ́fà àárọ̀ Àkúrẹ́ ni aago márùn-ún Lomé. Fún àwọn ìyá ìjọ tí ojú wọn kò ríwèé kà mọ́, kó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kó má sì fi fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ tó wà ní ìhòòhò bẹ owó.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìdílé náà á wálé sinmi. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú wọn lọ, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú àti eyín, kó tó di pé wọ́n ń gbé wọn kiri ìjọ láti wá jẹ́rìí. Ibi tí ìjọ ti ń ṣìṣe jù nìyí: bí wọ́n bá ti rí wọn lójúkorojú, wọ́n á dá owó oṣù dúró, bẹ́ẹ̀ owó ilé ní Bohicon ṣì ń lọ. Owó yẹn gbọ́dọ̀ máa wọlé títí wọn yóò fi padà. Bí wọn kò bá ní padà mọ́, kó máa wọlé títí bàbá tàbí ìyá yóò fi ríṣẹ́.